Ẹ Má Ta Ọkọ̀ Àwọn Baba Wa Ní Ìwọ̀n Irin

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí lábúlé nígbà tí ẹ bá ti oko dé, ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ ní Ìbàdàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀ràn kékeré. Àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà àtijọ́, àwọn Chevrolet, Pontiac, Buick, Dodge àti Ford gbàǹgbà-gbàǹgbà tí àwọn baba wa fi ń yan láàárín ìlú, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù sí àgbàlá ilé ní Kúdẹtì, ní Ọ̀rányàn, ní Bẹẹrẹ àti ní Òkè-Àdó, lábẹ́ igi máńgòrò tàbí lábẹ́ páànù tí ó ti dípẹtà. Àwọn tí ń ra irin àlòkù sì ń yí wọn ká. Wọn a gbé òṣùwọ̀n wá, wọn a gé ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, wọn a kó o lọ síbi tí a ti ń yọ́ irin.

Èmi sọ pé kí a má gbà fún wọn.

Ní agbolé kan ní Kúdẹtì, tí kò jìnnà sí odò, mo rí ọ̀kan nínú wọn láìpẹ́ yìí. Chevrolet ti 1956 ni, ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, fìtílà rẹ̀ méjèèjì sì ṣì wà lójú rẹ̀. Baba tí ó rà á ti di olóògbé tipẹ́. Kòkó ni ó ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín sí méjì lórí ọ̀ràn náà. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò ní í ta ohun tí bàbá àwọn fi ń gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò ní ọkọ̀ tí kò rìn mọ́ kì í ṣe ọkọ̀, pé owó irin rẹ̀ yóò san owó ilé ìwé ọmọ. Èmi kò bú àbúrò yìí. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ iye tí wọ́n dá lé kílò kan fún mi, ó dùn mí dé ọkàn, èmi yóò sì sọ ìdí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ń lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò wí. Wọn yóò ní, kí ni ó kan ẹgbẹ́ tí ń jà fún mẹ̀kúnnù nínú bọ̀gìnnì àwọn ọlọ́rọ̀? Ǹjẹ́ kì í ṣe àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ń bu eruku lu àgbẹ̀ tí ó ru ẹrù sórí? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìtàn kòkó.

Nígbà tí ogun Hitler parí ní 1945, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ gbèsè kọjá orí rẹ̀. Dọ́là ni wọ́n nílò láti ra oúnjẹ àti ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, dọ́là sì ṣọ̀wọ́n fún wọn bí ojú. Gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn tí ń ná owó pọ́n-ùn ni wọ́n wá kó dọ́là wọn jọ sínú àpò kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà ra kòkó wa, wọ́n san dọ́là. Dọ́là náà wọ inú àpò yẹn, wọ́n sì kọ pọ́n-ùn sílẹ̀ fún wa nínú ìwé. Èyí tí ó jẹ́ èrè lórí kòkó, Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1947 láti máa ta kòkó fi í pamọ́, ó sì fi púpọ̀ nínú rẹ̀ yá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ Ìbàdàn kan bá wá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ láti Amẹ́ríkà, ó ní láti kọ̀wé bẹ ìjọba amúnisìn kí wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ, nítorí ọjà dọ́là ni. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó lọ ra Austin tàbí Morris tí ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń tà.

Ẹ fi ojú ìṣirò wò ó, ẹ̀yin àgbẹ̀. Ní oṣù September 1949, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì já pọ́n-ùn wálẹ̀, láti dọ́là 4.03 sí dọ́là 2.80. Wọn kò bi wá léèrè. Ọkọ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 2,000 ní Detroit, tí à bá fi pọ́n-ùn 496 rà kí ọjọ́ náà tó dé, di ọkọ̀ pọ́n-ùn 714 ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí a tó san owó ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo owó kòkó wa tí ó wà nípamọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, bí a bá fi ọjà Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá rí Chevrolet kan ní Ọjà'ba láàárín ọdún wọnnì, kí ó mọ̀ pé díẹ̀ nínú dọ́là wa ni ó yọ́ kúrò nínú àpò Lọ́ńdọ̀nù tí ó padà wá sílé. Ìdí àkọ́kọ́ nìyí tí mo fi ń pe ọkọ̀ náà ní ọkọ̀ kòkó.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ni àwọn baba wa rí lára rẹ̀? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ìṣefínnífínní àti irin dídán nìkan ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 1947, ìbú ihò tí pístìnnì ń rìn nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó orí ọkọ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ fi ń ṣe ẹ́ńjìnnì tí ihò rẹ̀ há, tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, fún ọ̀nà tóóró tí ó jọ̀lọ̀. Ní Amẹ́ríkà, irú owó orí bẹ́ẹ̀ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Epo pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ wọ́n gbòòrò, ọ̀nà oko wọn sì burú bí tiwa. Henry Ford fúnra rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ni, oko ni wọ́n bí i sí ní Michigan. Ọkọ̀ Model T tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1908 ga kúrò nílẹ̀ kí ó lè kọjá nínú ẹrẹ̀, àgbẹ̀ sì lè fi irinṣẹ́ díẹ̀ tún un ṣe lẹ́nu oko. Nígbà tí wọn yóò fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1927, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ. Ìyẹn ni ìdílé tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti wá.

Ẹ wá ro ìlú Ìbàdàn, ìlú olókè. Ẹ ro bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè Mápó láti Ọjà'ba pẹ̀lú èrò mẹ́fà nínú rẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré a máa hó, awakọ̀ rẹ̀ a máa wá omi kiri. Chevrolet tí ó ní pístìnnì mẹ́fà yóò gun òkè náà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1955 wọ́n sì tún mú oní-pístìnnì mẹ́jọ jáde, tí agbára rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ dáadáa. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bí ibùsùn, súpíríìnì rẹ̀ ń gba ihò ọ̀nà mọ́ra, bàbá, ìyá, ọmọ àti ẹ̀bùn ìyàwó sì gbà á láì há. Ti ẹwà rẹ̀, èmi kò ní sẹ́ ẹ. Cadillac ni ó kọ́kọ́ gbé ìrù bí ti ọkọ̀ òfurufú sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ní 1948, lẹ́yìn tí àwọn tí ń ya àwòrán ọkọ̀ lọ wo ọkọ̀ òfurufú ogun kan tí a ń pè ní P-38. Ó sì di àṣà tí gbogbo wọn ń bá ara wọn du títí di 1959, nígbà tí ìrù Cadillac ga jù lọ. Ní tèmi o, ti 1959 náà ti di àṣejù. Ọkọ̀ ti 1955 sí 1957 ni ó wọ̀ mí lójú jù lọ, nítorí pé ẹni tí ó ṣe é mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró.

Ohun kan tún wà lára wọn tí a fi ń mọ ọjọ́ orí wọn. Apá òsì ọ̀nà ni a ń rìn ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa, títí di ọjọ́ 2 oṣù April ọdún 1972 tí a yí padà sí apá ọ̀tún. Ilé iṣẹ́ General Motors tí ó wà ní Oshawa ní Kánádà a máa ṣe Chevrolet àti Pontiac tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún fún àwọn ilẹ̀ tí ń rìn lápá òsì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọkọ̀ Amẹ́ríkà láàárín ìlú wa tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Kánádà ni ìyá rẹ̀.

Mo ti yin ọkọ̀ náà tó. Ó yẹ kí n sọ apá kejì, nítorí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ìwé ìpolówó ọjà. Ní Ìbàdàn, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Olóyè Sàlámì Àgbájé ti Ayéyé, tí ó di Ọ̀tún Balógun, wà lára àwọn ọmọ ìlú àkọ́kọ́ tí ó ra ọkọ̀ tí ó sì fi lọ́rì ṣòwò. Ìlú yìí mọ ọlá olóyè sí iye ènìyàn tí ó ń jẹun nílé rẹ̀. Àgbájé sì fi ọlá tirẹ̀ sínú lọ́rì àti ilé. Nígbà tí àwọn olóyè kékeré dìde sí i ní 1949, tí Ìgbìmọ̀ Butcher sì ṣe ìwádìí tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1951, ọ̀ràn ilé ẹjọ́ ni ó wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ohun tí ń lọ ní ìgboro mọ̀ pé ọ̀ràn ọrọ̀ tí kò pín kárí wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fi kálàmù jà fún àwọn olóyè náà ni Adégòkè Adélabú, ẹni tí ó kàwé ní ilé ìwé St David's ní Kúdẹtì yìí. Òun kan náà ni ó gba àwọn àgbẹ̀ Ẹgbẹ́ Máyégún mọ́ra, àwọn tí ìjọba ti gé igi kòkó wọn lulẹ̀ nítorí àrùn, tí ó sì fi wọ́n dá ẹgbẹ́ Màbọlájẹ́ sílẹ̀.

Adélabú mọ ohun tí ọkọ̀ jẹ́ lójú mẹ̀kúnnù. Ọkọ̀ ni ó sì pa á. Ní ọjọ́ 25 oṣù March ọdún 1958, ó ń ti Èkó bọ̀ nínú ọkọ̀ oníṣòwò ará Lẹ́bánónì kan nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ nítòsí Òde Rẹ́mọ. Ọmọ ọdún 42 ni. Ìlú dàrú, ẹ̀mí sọnù, Kúdẹtì sì sọkún. Títí di òní, àwọn àgbà kan ní àdúgbò yìí kò fẹ́ kí a yin ọkọ̀ kankan létí wọn, èmi kò sì dá wọn lẹ́bi.

Apá kejì náà tún ní gbòǹgbò tí ó jìn jù báyìí lọ. Nínú àwọn tí ó ra Chevrolet, àwọn tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ pọ̀. Ta ni kò mọ ohun tí ojú àgbẹ̀ rí lẹ́nu òṣùwọ̀n wọn? Òṣùwọ̀n tí wọ́n ti fi ọwọ́ kọ̀rọ̀ tún ṣe, kòkó tí ó gbẹ tí wọ́n ní ó tutù, owó àsansílẹ̀ tí àgbẹ̀ gbà ní oṣù òjò tí ó fi kòkó ìlọ́po méjì san nígbà ìkórè. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sì ṣe é. Nítorí náà, nínú irin Chevrolet yẹn, òógùn àgbẹ̀ Akànrán, Ọlọ́runda àti Ẹ̀rúnmu wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀rọ̀ kílò yẹn fi dùn mí. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi rẹ́ àgbẹ̀ jẹ kí ọkọ̀ náà tó wọlé. Òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n tún fẹ́ fi rẹ́ ọmọ ẹni tí ó rà á jẹ kí ọkọ̀ náà tó jáde. Ohun tí owó kòkó ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi rà, wọ́n fẹ́ kó o lọ ní iye páànù àlòkù.

Ohun tí ó yẹ kí a gbé oríyìn fún jù lọ ni ọwọ́ àwọn tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ wọ̀nyí kú. Nígbà tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò wọlé mọ́, àwọn mẹkáníìkì Ìbàdàn ni ó ń gé páálí àti awọ láti fi dí ojú ẹ́ńjìnnì. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ yí irin ni ó ń rọ búùṣì tuntun láti inú irin àlòkù. Wọ́n rí ohun kan tí kò sẹ́ni tí ó kọ́ wọn níwèé. Ilé iṣẹ́ General Motors ti ra Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925, Bedford àkọ́kọ́ tí ó jáde ní 1931 sì jẹ́ ọmọ Chevrolet. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé bọ̀lẹ̀kájà tí ó ń kó ẹ̀gẹ́ àti ènìyàn, tí a ń bú ní ọkọ̀ tálákà, bá bọ̀gìnnì olówó tan. Ọwọ́ tí ó tún ọ̀kan ṣe kò ṣàjèjì sí èkejì. Àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́rì yìí kan náà ni ó da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1937 nítorí owó ìwé àṣẹ tí ìjọba fi kún, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà nínú àwọn aṣáájú wọn gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ìṣèlú ilẹ̀ wa ti ń gun ọkọ̀ Amẹ́ríkà kí òmìnira tó dé.

Lónìí ńkọ́? Amẹ́ríkà ni a ṣì ń kọjú sí. Tòkunbọ̀ ni ó kún ìgboro, àwọn tí ń tà á a sì máa búra pé ti Amẹ́ríkà ni. Púpọ̀ nínú Camry tí a ń wà ní Ìbàdàn, ọjà ilé iṣẹ́ ará Japan ni, ṣùgbọ́n Kentucky ni wọ́n ti ṣe é; láti 1988 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Àwọn ará Japan lọ kọ́ ilé iṣẹ́ sí àárín Amẹ́ríkà, àwa sì ń ra èyí tí Amẹ́ríkà lò tán. Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú. Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó, lẹ́yìn náà Leyland ní Ìbàdàn níbí. A ra àpótí ẹ̀yà ara láti òkè òkun, a so wọ́n pọ̀, a pè é ní ọkọ̀ wa. Nígbà tí owó òkèèrè wọ́n, àpótí kò dé mọ́, iṣẹ́ sì rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó ránti lọ bi àwọn mẹkáníìkì tí ń rọ búùṣì léèrè ohun tí wọ́n mọ̀.

Ní 2024, iye kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, kó tó tún já wálẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó gba èrè náà pamọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù fún wa, nítorí láti 1986 ni wọ́n ti pa àwọn ìgbìmọ̀ náà rẹ́. Owó náà dé ọwọ́ àgbẹ̀ àti ọwọ́ àwọn tí ń rà á. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí bóyá ó dára kí àgbẹ̀ ra ọkọ̀. Ó dára! Àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó ní ẹ̀tọ́ sí ìjókòó tí ó rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ra èyí tí yóò gba ọ̀nà oko, tí mẹkáníìkì àdúgbò mọ inú rẹ̀, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò lè fi ọwọ́ kàn.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Ní Accra, ọkọ̀ Cadillac Nkrumah wà ní ọgbà ìrántí rẹ̀ bí ó tilẹ̀ ti bàjẹ́. Ní Oníkàn ní Èkó, Mercedes tí wọ́n pa Murtala Muhammed sí nínú ní 1976 wà nílé àfihàn, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń lọ wò ó. Ọkọ̀ ìjọba àti ikú ni àwọn yẹn. Ìbàdàn kò ní ibì kan tí ọmọ àgbẹ̀ lè lọ rí ọkọ̀ tí kòkó bàbá rẹ̀ rà. Ọ̀nà ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí, láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, láti 1906 ni ó ti wà. Ìlú wo ni ó tún yẹ ju tiwa lọ? Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí ń jókòó ní Mápó béèrè fún ilẹ̀ kékeré kan, kí a kọ́ ilé olórùlé páànù sórí rẹ̀, kí a gbé ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin síbẹ̀ pẹ̀lú bọ̀lẹ̀kájà kan, kí a sì fi mẹkáníìkì àgbà méjì síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ lórí wọn. Kí a ra ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí ní iye tí ó ju ti onírin lọ, kí ẹni tí ó ní owó ilé ìwé láti san má bàa pàdánù. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì kọ orúkọ àwọn ọkọ̀ tí ó kù ní àdúgbò rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ó ń bọ̀.

Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀kan nílé, ẹ gbé e kúrò lórí ilẹ̀ títù, ẹ fi bíríkì gbé e sókè kí táyà rẹ̀ má bàa jẹ́ ohun tí ó ń gbé e ró. Ẹ fa bẹntiróòlù àtijọ́ inú rẹ̀ dànù, ẹ yọ bàtìrì rẹ̀. Ẹ fi epo ẹ́ńjìnnì pa ibi tí irin rẹ̀ ti hàn sí afẹ́fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ún lọ́dà tuntun kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tó wò ó. Ẹ sì wá inú àpótí bàbá dáadáa, bóyá ìwé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: ìwé àṣẹ dọ́là, ìwé owó tí wọ́n san, ìwé orúkọ ọkọ̀. Ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀.